"Ti Mọ́mì ni, tiwa kọ́"

Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Aṣọ ni mò ń ká nínú yàrá, àkọ́bí wa àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní pálọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí rí ìwé tó wà lára ògiri, ó bi í pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn? Ti Mọ́mì ni, tiwa kọ́." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ti àlejò ni. Kò bínú, kò sì fi ṣẹ̀sín. Ká ní ó tilẹ̀ fi ṣẹ̀sín ni, ǹ bá mọ ohun tí màá wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀, ẹ rántí ìwé yẹn, ìpinnu ìdílé wa tí mo kọ tí mo sì lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀. Ẹ rántí bí mo ṣe fi yangàn níbí.

Ohun tí mo ṣe lónìí kò ju ìlà kan lọ: ibi iṣẹ́, ọ̀nà ilé, aṣọ tí òjò tún pa, ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin tí mi ò lọ.

Ti Mọ́mì ni.

Kí ló kúkú burú níbẹ̀? Bí kò bá jẹ́ tèmi, ta ló ń jí wọn fún àdúrà àárọ̀? Ta ló ń rántí pé aláìsàn kan wà tó yẹ ká lọ kí, ta ló ń ya owó ọrẹ sọ́tọ̀ kí owó tó tán? Ilé tí kò sí ẹni tó di ìdí nǹkan mú, ṣebí ńṣe ni yóò fọ́n ká. Díẹ̀ ló kù kí n jáde sí wọn lọ wí bẹ́ẹ̀, àlejò tó wà níbẹ̀ ni mo rò. Mo padà sídìí aṣọ mi. Súwẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ká a.

Ohun tó ń dùn mí ni pé òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo kọ ọ́. Òru ni, gbogbo wọn ti sùn, èmi nìkan ni mo jókòó sídìí tábìlì tí mò ń kọ "Àwa ìdílé yìí pinnu pé..." Àwa! Àwa wo? Wọ́n ń hanrun nígbà tí mo bá wọn pinnu. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àfi bí ẹni pé ọwọ́ wọn ni mo kó jọ, àyà tèmi ni mo fi ń sọ.

Lókè ìwé náà ni mo kọ ti Jóṣúà sí: "Ní ti èmi àti ilé mi, Olúwa ni àwa yóò máa sìn." Mo tún orí kẹrìnlélógún yẹn kà látòkè délẹ̀ lónìí. Bàbá arúgbó ni, ikú ò jìnnà sí i mọ́ (ẹni àádọ́fà ọdún ni nígbà tó kú), ó kó gbogbo ẹ̀yà jọ sí Ṣékémù. Nínú ẹsẹ kan náà tí gbogbo wa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kó tó dé ọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀, ó ní kí wọ́n yan ẹni tí wọn yóò máa sìn. Ó tilẹ̀ sọ fún wọn pé wọn ò lè sin Olúwa. Àwọn ni wọ́n ta kú pé àwọn yóò sìn ín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ilé Jóṣúà wá ńkọ́? A ò gbọ́ ohùn wọn. Bíbélì ò dárúkọ ìyàwó, kò dárúkọ ọmọ. Mo wá ń rò ó pé bóyá ọmọ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn èrò níbẹ̀ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ti Bàbá ni, tiwa kọ́. Kí Olúwa má bínú sí mi. Ẹ̀rín pa mí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

Àkúílà àti Pìrìsílà ni mò ń jowú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Májẹ̀mú Tuntun dárúkọ wọn, kò sí ibi tí a ti dá ọ̀kan dárúkọ. Wọ́n jọ ń pa àgọ́ tà, ìjọ ń pàdé nínú ilé wọn, nígbà tí Àpólò sì ń wàásù tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì kún tó, àwọn méjèèjì ni wọ́n mú un lọ́wọ́ tí wọ́n là á yé e. Ọwọ́ wọn ló wà nídìí iṣẹ́ kan náà. Kí ni ọwọ́ tiwa jọ ń ṣe? Èmi ń gbàdúrà, wọ́n ń ṣe àmín.

Àfi ọjọ́ tí gbogbo wa jọ lọ tún ilé ìyá àgbà kan ṣe. Ìjà ni wọ́n ń jà nítorí ìgbálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ní ti Mọ́mì ni. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú ìwé mi.

Lálẹ́, mo ṣe ohun tí ìyá tó gbọ́n kì í ṣe. Aago mẹ́sàn-án lù, mi ò pe ẹnikẹ́ni sí àdúrà. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ní kí n wo ẹni tí yóò rántí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó di ogún. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n rántí, àbí kí wọ́n má rántí kí n lè rí nǹkan sọ, mi ò mọ èwo.

Àbíkẹ́yìn ló kan ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, ṣé ara yín ò yá ni? Gbogbo wa ti jókòó látàárọ̀, ẹ ò tíì pè wá."

Wọ́n ti jókòó. Mi ò sì tíì pè wọ́n. Àtìgbà náà ni mo ti ń yí i síwá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá lè jókòó fúnra wọn, ó ti ń di tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn pé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí mi? Nígbà tí mo bi bàbá wọn, ó ní, "Ìwọ náà lo sọ fún wọn." Mi ò dá a lóhùn. Ó ti sùn báyìí, ara tù ú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ó já ìwé náà, oníkálukú yóò sọ tirẹ̀. Àkọ́bí ni yóò kọ ọ́. Bàbá wọn ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí n má fọwọ́ kan bíró. Mo gbà.

Mo kàn ń ro ohun tí màá ní kó kọ sí ìlà àkọ́kọ́ ni...