Àmín Mọ́kàndínlógún

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Òjò rọ̀ mọ́jú àná. Kí n tó dìde lórí ibùsùn, ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá Àgbà ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: abọ́ mẹ́ta nílẹ̀ pálọ̀, omi ti dé ìdajì wọn, wọ́n sì ti wọ́ àpótí aṣọ Màmá kúrò lára ògiri. Mo gbé fọ́tò náà sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹbí mi. Ilé Màmá ń jò. Kí la máa ṣe sí i?"

Àwa 41 la wà nínú gúrúùpù yẹn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn 36 ti kà á. Bí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ tó kọ mọ́lẹ̀ díẹ̀, tó sì yan "Info", á rí orúkọ àwọn tó ti kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àsìkò tí kálukú kà á. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń ka orúkọ bí ẹni ń ka owó. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Nígbà tó di agogo méjì, ọ̀kan nínú àwọn bùọ̀dá wa fi àdúrà ọ̀sán ránṣẹ́. Kí n tó gé bùbá kan tán, Àmín 19 ti tẹ̀ lé e.

Ó dùn mí gan-an. Mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ kan tó le, ó ti gùn tó ìlà mẹ́fà, kó tó wá sí mi lọ́kàn pé ẹyin lọ̀rọ̀. Mo pa á rẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn lórí fóònù.

Bàbá Kékeré ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo rí i. Ẹ̀yin ọmọ ni mo ní kẹ́ ẹ sọ tẹnu yín ná. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ta ló tún máa sọ òmíràn?" Mo pe àbúrò mi ọkùnrin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni màá ṣíwájú Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀ ni?" Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní Agége ní tòun ò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ lóṣù yìí, pé bí òun bá kọ ọ́ síbẹ̀, tí ẹlòmíràn wá kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta sábẹ́ òun, ojú á ti òun. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wù ú kó fi í sílẹ̀. Bó ṣe máa rí lójú ẹbí ló ń rò.

Nílé wa, bí ẹbí bá pé jọ sí pálọ̀ Màmá, ọ̀rọ̀ kì í rí báyìí. Bàbá Kékeré á wúkọ́, kálukú á ti mọ ibi tó yẹ kó jókòó sí. Bí ẹnì kan bá ti dákẹ́ jù, wọ́n á wojú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?" Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú fóònù, kò sẹ́ni tó ń wojú ẹnì kankan, kò sì sẹ́ni tó ń fún èèyàn láyè pé ó kàn án. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ẹni kì í fara pa mọ́. Láti 2014 tí àmì búlúù méjì tó ń fi hàn pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ ti dé, a kì í lè pa á nínú gúrúùpù bó ti wù kó rí. Ẹni tó kọ̀wé á mọ̀ pé o kà á.

Ìyá Ìbejì ni mo pè gbẹ̀yìn. Ìyàwó ilé wa ni wọ́n, wọ́n ń ta pákó àti igi òrùlé ní Bódìjà. Ó ti tó ọdún kan tí mi ò ti rí ohùn wọn nínú gúrúùpù, mo sì ti gbà pé ọjà ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Nígbà tí mo dárúkọ òrùlé, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ìbàdí-Àrán," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ọjọ́sí?"

Mo rántí. Wọ́n ti sọ pé aṣọ tí a fẹ́ mú wọ́n jù fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Ẹnì kan nínú wa dá wọn lóhùn pé ta ló pe ìyàwó sí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí inú ilé.

"Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ló dùn mí jù," ni wọ́n wí. "Gbogbo yín lẹ kà á."

Èmi náà kà á. Mo rántí ibi tí mo jókòó sí, mo rántí pé mo ní ohun tí wọ́n sọ sí Ìyá Ìbejì ò dáa, inú ara mi ni mo ti sọ ọ́. Mo rò pé ẹlòmíràn á dá sí i.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní yunifásítì, ló sọ fún mi lálẹ́ àná nípa àyẹ̀wò kan tí John Darley àti Bibb Latané ṣe ní New York, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1968. Wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń tinú ẹ̀rọ bára wọn sọ̀rọ̀, ẹnì kan ò rí ojú ẹnìkejì. Lójijì ni wọ́n gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn bí ẹni tí wárápá gbé ṣubú. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé àwọn mẹ́rin mìíràn ń gbọ́ ọ, ìdá 31 ni. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti àwọn tí kò jáde. Nígbà tí wọ́n wọlé bá wọn, ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ wọn ń làágùn, wọ́n ń béèrè bóyá ara ẹni yẹn ti yá. Ọ̀rọ̀ náà jẹ wọ́n lógún látìbẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lára mi lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí yẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni Ìyá Ìbejì ṣe máa mọ̀? Ìdákẹ́ ẹni tó ń kẹ́dùn àti ti ẹni tó kórìíra wọn, ọ̀kan náà ni lójú fóònù.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù: "Lọ́dún tó kọjá, a sọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ sí Ìyá Ìbejì níbí. Mo kà á, mo dákẹ́. Kò yẹ kí n dákẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ọkàn mi ń lù kìkì. Mo tún kọ òmíràn: "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọdún wo la kan páànù ilé Màmá kẹ́yìn?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáhùn, wọ́n tilẹ̀ dárúkọ káfíńtà tó kàn án. Mo dárúkọ àbúrò mi pé kó bá wa lọ ya fọ́tò òrùlé láti ìta. Ó ní òun ti ń lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ti Agége, mo ní kí wọ́n máa kó owó jọ fún wa, kí kálukú fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n má kọ iye tí ẹnikẹ́ni san síta.

Ìyá Ìbejì ò sọ nǹkan kan. Ọ̀sán pọ́n, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo rí i pé wọ́n ti kà á láti agogo mẹ́jọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ń ké lẹ́yìn wọn, wọ́n ń pariwo kí a lè gbọ́ wọn: "Ìbàdí-Àrán, mo rí ọ̀rọ̀ yín, ẹ ṣeun. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ẹ má tíì ra páànù kankan o. Ẹ jẹ́ ká wo igi tó gbé e ná. Bí ikán bá ti jẹ igi yẹn, páànù tuntun ò ní dúró lórí ẹ̀. Ẹ bá mi wọn ilé náà, ìbú àti òòró, kí n mọ iye igi tí màá yà sọ́tọ̀."

Téèpù aṣọ mi ò lè wọn òrùlé. Káfíńtà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ti yá mi ní tirẹ̀, ó wà nínú báàgì mi báyìí. Agogo méje àárọ̀ ọ̀la ni mo máa gbéra.