Ọ̀nà tí wọ́n torí òjé là: èmi, Bọ̀dá àti kẹ̀kẹ́ wa ní Titus Canyon

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kí wa káàárọ̀ ní Beatty. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n dúró sáàárín títì bí ẹni tó ni ìlú, mọ́tò sì ń rọra yà fún wọn. Àwọn awakùsà ló kó baba ńlá wọn wá sí aṣálẹ̀ Nevada láti máa ru ẹrù. Nígbà tí wúrà tán, olówó wọn bá tiwọn lọ, wọ́n fi ẹran sílẹ̀.

Bọ̀dá wò wọ́n títí. Ó ní, "Àbúrò, àwọn wọ̀nyí nìkan ló jèrè nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Las Vegas ni àwa méjèèjì ń gbé, ọmọ Iléṣà sì ni wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ wúrà kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti dé ìhà Ìtàgúnmódì ti rí kòtò wúrà rí. Ohun tí a kò rí rí ni ìlú tí wúrà kọ́ tí wúrà sì tún kó lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a yà ní Rhyolite, tí kò jìnnà sí Beatty. Ní 1904 ni wọ́n rí wúrà níbẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ilé báńkì alájà mẹ́ta fi dìde, tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí iná mànàmáná ń tàn. Nígbà tó fi máa di 1916, wọ́n ti gé iná ọ̀hún. Ògiri báńkì ṣì wà ní ìdúró, ojú fèrèsé rẹ̀ ṣófo. Igi wọ́n níbẹ̀, ni ọ̀gbẹ́ni Tom Kelly bá fi ìgò ọtí mọ ilé ní 1906. Ilé yẹn ṣì wà, báńkì ló wó.

Ọ̀nà Titus Canyon tí a bá lọ jẹ́ máìlì 27, kò sí ọ̀dà kankan lórí rẹ̀. Láti ìhà Nevada ló ti ń gun òkè Grapevine, tó sì ń já sí Death Valley ní California. Ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á, ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ bá a dé òpin. Kò sí omi mímu, fóònù kò ní gbà. Ìyàwó Bọ̀dá, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló gbé mọ́tò yí ká láti lọ dúró dè wá lápá kejì. Oṣù kẹta ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀tá yín ni. Inú àfonífojì tí a ń lọ yìí ni wọ́n ti wọn ooru tó tó 56.7°C ní 1913.

Máìlì àkọ́kọ́ ló burú jù. Mọ́tò ti tẹ ilẹ̀ ọ̀nà náà títí ó fi rí gbágungbàgun bí ojú páànù, kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n, eyín ń gbọ̀n, ọwọ́ mi kú tipiri lórí bíréèkì. Táyà kẹ̀kẹ́ Bọ̀dá nípọn ju tèmi lọ, ó ń fò lọ níwájú, ó ń kọrin. Nígbà tó di òkè, orin tán. A bọ́ sílẹ̀, a ń ti kẹ̀kẹ́. Ibi tó ga jù, tó tó mítà 1,600, ni wọ́n ń pè ní Red Pass, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ilé wa gan-an. Mo dúró mí díẹ̀, mo sì wò sísàlẹ̀. Ọ̀nà náà ń ká kiri ẹ̀gbẹ́ òkè bí okùn tí ẹnì kan sọ nù.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀yìn mi tutù. Mo ti rò pé òógùn ni. Àpò omi mi ló ń jò láti ìdí ọmọrí rẹ̀, ó sì ti ku ìdajì. Bọ̀dá kò bú mi. Ó ṣí ìgò tirẹ̀, ó bu omi sí ìgò mi, ó wá ní, "Ní alẹ́ àná, kí ni mo sọ fún ẹ nípa ọmọrí yẹn?" Mo ní, "Ẹ máa bínú, Bọ̀dá." Ó ní òun kò bínú, òun kàn ń béèrè ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí omi yẹn dùn mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìwakùsà kan, Edgar Morris Titus, ló jẹ́ kí wọ́n máa pe ibẹ̀ ní Titus Canyon. Ní 1905, omi tán lọ́wọ́ òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń rìn, ó ní kí òun lọ wá omi wá. Kò padà.

Láti Red Pass, kẹ̀kẹ́ ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di Leadfield. Pápá òjé ni orúkọ yẹn ń wí. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ilé páànù bíi mélòó kan, tí ìpẹtà ti jẹ, àti ẹnu ihò ìwakùsà lára òkè. Afẹ́fẹ́ fẹ́, páànù kan ń dún "gbàǹ... gbàǹ", bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí kò dá a lójú pé ènìyàn wà nílé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìyá bàbá mi. Olóòṣà ni màmá, olùsìn Ọbàtálá, ẹ̀gbà òjé kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Kó tó di ọjọ́ yẹn, èmi kò rò ó rí pé ẹnì kan lè torí òjé la òkè báyìí já.

Ẹni tó gbé Leadfield sókè ni C. C. Julian, tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa ní Los Angeles nídìí títa ìpín ilé-iṣẹ́ epo. Ní 1926, ó polówó òjé yìí nínú ìwé ìròyìn, ó sì fi ọkọ̀ ojú irin kó àwọn tó fẹ́ ra ìpín wá sí Beatty kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló wá tẹ̀dó. Wọ́n ṣí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 1926, wọ́n tì í pa ní oṣù kìíní 1927. Ká kà á lóṣù, kò pé mẹ́fà. Julian fúnra rẹ̀ kú sí Shanghai ní 1934.

Bọ̀dá ní sogúndogójì ni, pé irú rẹ̀ ti jẹ owó òun rí nílé. Èmi kò gbà pátápátá. Òjé wà níbẹ̀, kò kàn pọ̀ tó ohun tí wọ́n wí ni. Sogúndogójì tí mo mọ̀ kì í wa ihò, kì í sì í lanà. Ọ̀nà tí a gùn wá láti òwúrọ̀, owó àwọn tó ń lé òjé ni wọ́n fi là á. Bọ̀dá ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ra ìpín.

Lẹ́yìn Leadfield, ọ̀nà wọ inú odò gbígbẹ. Ní Klare Spring, omi díẹ̀ ń sun lábẹ́ ewéko, ìyẹn ni àgùntàn ìgbẹ́ oníwo kíká ń mu. Lára òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwòrán tí àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú awakùsà gbẹ́ sí. Àwọn aláìnítìjú kan sì ti ha orúkọ tiwọn lé e.

Máìlì bíi méjì tó kẹ́yìn, òkúta ìhà méjèèjì sún mọ́ ara wọn títí mọ́tò kan ṣoṣo fi lè kọjá. Ojú ọ̀run di tẹ́ẹ́rẹ́. Òtútù dé lójijì. Kò sí ohun tí à ń gbọ́ ju ṣéènì kẹ̀kẹ́ lọ, àfi ìgbà tí táyà mi fi òkúta ya, "fììì", tí ògiri méjèèjì sì tún un sọ fún mi. Bọ̀dá di ìdí kẹ̀kẹ́ mú, mo pààrọ̀ tíúbù, a ń fa pọ́ńpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A mu omi tó kù, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹnu mẹ́ta.

Òkúta là lẹ́ẹ̀kan náà, oòrùn gbá wa lójú, Death Valley tẹ́ rẹrẹ níwájú. Àǹtí ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, kúlà omi yìnyín wà níbẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù náà wà nínú fúlásìkì.

Wọ́n ní, "Ẹ kú ewu. Ṣé ẹ rí wúrà?"

Bọ̀dá ní, "Òjé ni."

Àǹtí wo orí wa títí dé bàtà wa, ibi tí eruku pupa dé. "Ẹ lọ fọwọ́ yín ná."