Bí Mo Ṣe Fa Iná Dé Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Mi

Ibi ìkẹ́rù ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù mi ni mo ti máa ń wá iná jù lọ, ibẹ̀ gan-an ni kò sì ti sí ihò iná kankan. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí mo ń já ẹrù, eyín ni mo fi ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí táyà bá sì fẹ́ atẹ́gùn, àfi kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n fi ẹ̀mú ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn há orí bátìrì, kí n tó fa wáyà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ti ń gbé ihò iná wá láti ilé iṣẹ́. Ford ti ń fi irú rẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù F-150 láti ìgbà tí ti ọdún 2021 ti jáde, fún ẹni tí ó bá yàn án. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dàgbà ju ìyẹn lọ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, bí mo ti ṣe. Èrò mi lórí iṣẹ́ náà kò pọ̀: pátákó tí súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé, tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò, ni ó rọrùn jù níbẹ̀. Ọ̀nà tí iná ń gbà láti orí bátìrì dé ìdí pátákó náà ni ó ń sọ bóyá iṣẹ́ dára tàbí kò dára.

Ìṣirò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. A ó fi fóòtì pín iye wáàtì tí a kọ sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó bá jáde ni iye áńpù tí ẹ̀rọ náà yóò máa fà. Iná LED méjì tí mo fẹ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìkẹ́rù ń fa áńpù 2 níkọ̀ọ̀kan, fíríìjì kékeré ń fa bíi 5 nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ihò USB tí a fi ń ṣáájì fóònù ń fa tó 3, ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn nìkan sì ń fa 25. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, áńpù 37 nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ìnfátà wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni ó lé e jáde: wáàtì 1,000 tí a fi fóòtì 12 pín ti lé ní áńpù 83, bí a bá sì ro èyí tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń sọ di ooru mọ́ ọn, yóò sún mọ́ 100. Wáyà tí yóò gbé iná tó bẹ́ẹ̀ rin gbogbo gígùn ọkọ̀ nípọn, ó wọ́n, kò sì rọrùn láti tẹ̀ gba kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìnfátà ńlá, ó sàn kí ó gbé bátìrì kejì sẹ́yìn ọkọ̀, kí ìnfátà sì wà nítòsí rẹ̀.

Gígùn wáyà ni ó tẹ̀ lé e. Láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dé igun ẹ̀yìn ibi ìkẹ́rù, bí a bá fi okùn tẹ̀ lé ṣásí, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀, dípò kí a fi ojú díwọ̀n ọn, ó tó mítà 6 nínú ọkọ̀ tèmi, iná tí ó lọ sì gbọ́dọ̀ padà, nítorí náà mítà 12 ni mo fi ṣírò. Bí wáyà náà bá jẹ́ bàbà 6 mm², èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wò tí wọn yóò ní ó ti tó, nǹkan bíi fóòtì kan ni yóò sọnù sójú ọ̀nà nígbà tí ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn bá ń fa áńpù 25. Fóòtì kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bátìrì tí ó kún dáadáa tí ọkọ̀ sì wà ní pípa kò ju nǹkan bíi fóòtì 12.6 lọ, èyí tí ó bá sì ti wálẹ̀ dé 12.2 ti lo bí ìdajì agbára rẹ̀. Fíríìjì tí a ṣe láti pa ara rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá ń rẹ̀ yóò rí fóòtì tí ó sọnù sójú ọ̀nà yìí, yóò gbà pé bátìrì ti ń kú lọ, yóò sì dákẹ́ nígbà tí agbára ṣì pọ̀ níwájú. Nígbà tí mo fi wáyà 16 mm² ṣe ìṣirò kan náà, ohun tí ó ń sọnù wá sí bíi fóòtì 0.36, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì fara mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún wáyà tí owó rẹ̀ kò tó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ alumíníọ́mù tí a fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára, kò sì lè gbé iná tó ojúlówó bàbà tí wọ́n jọ nípọn bákan náà. Ọ̀bẹ ni mo fi ń dá wọn mọ̀: mo máa ń ha okùn tín-tìn-tín kan nínú rẹ̀, bí inú bá funfun tí ẹ̀yìn pupa, mo dá a padà. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun tí inú rẹ̀ pupa jẹ́ bàbà tí a fi tánńganran bò, òun sì ni ó dára jù fún abẹ́ ọkọ̀, nítorí omi kì í tètè bà á jẹ́.

Fíùsì tí ó ṣe pàtàkì jù kò sí lára pátákó rárá. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni àyè rẹ̀. Wáyà ni ó wà níbẹ̀ láti dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀rọ tí a so mọ́ ìdí wáyà. Bátìrì ọkọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù jáde lẹ́ẹ̀kan, nítorí ohun tí a fi ń jí ẹ́ńjìnnì nìyẹn, bí rọ́bà ara wáyà bá sì bó níbì kan lábẹ́ ọkọ̀ tí bàbà rẹ̀ fara kan ṣásí, gbogbo agbára náà ni yóò ya gba ibẹ̀, wáyà yóò pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, rọ́bà rẹ̀ yóò sì gbiná kí òórùn tó dé imú awakọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ni fíùsì wà, mítà 6 tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Àwọn tí ń fa iná sínú ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà ní ìlànà ABYC tí ó ní kí fíùsì má jìnnà ju íǹṣì 7 sí orí bátìrì, èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Òun ni mo tẹ̀ lé. Fíùsì áńpù 60 ni mo lò, nítorí ó ju 37 tí mo lè fà lọ, kò sì tó ohun tí wáyà 16 mm² yóò gbé kí ó tó gbóná. Lára pátákó ni àwọn fíùsì kéékèèké wà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀: pupa oní-10 fún fíríìjì, èyí tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀ ṣíṣá oní-5 fún ihò USB, òmíràn irú rẹ̀ fún iná méjèèjì, àti aláwọ̀ ewé oní-30 fún ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn.

Rílé kan, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá, ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo rẹ̀, kí ohunkóhun má baà máa fa iná nígbà tí mo bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, àyàfi fíríìjì, tí mo fún ní ọ̀nà tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń já iná bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀. Rílé oní-áńpù 40 tí ó pọ̀ lọ́jà ti sún mọ́ 32 tí ó kù lẹ́yìn tí a yọ fíríìjì jù, nítorí náà oní-80 ni mo mú. Ẹsẹ̀ 30 ni iná ti ń wọlé, ẹsẹ̀ 87 ni ó ti ń jáde, wáyà tín-ín-rín tí ó wá láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ ń lọ sí 86, 85 sì ń lọ sílẹ̀ sí ara irin. Mo yan èyí tí ó ní dáyóòdù nínú, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná gba ju ọ̀nà kan lọ, nítorí pé bí rílé bá ṣe ń pa, ó máa ń ta iná kíkan padà sí wáyà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò sì nílò irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọ̀nà tí wáyà gbà, inú ṣásí ni mo tọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí páìpù èéfín kò sí, mo sì yẹra fún páìpù epo àti ti bíréèkì. Mo fi rọ́bà oníhò wọ̀ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, mo sì fi rọ́bà sí etí gbogbo ihò irin tí ó gbà kọjá, nítorí etí irin àti gbígbọ̀n ọkọ̀ ni ọ̀bẹ tí ń gé wáyà díẹ̀díẹ̀. Ohun kan wà tí ó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù: ibi tí awakọ̀ ń jókòó àti ibi ìkẹ́rù kì í ṣe bódì kan náà. Kálukú wọn ni ó jókòó lórí ṣásí, bí ọkọ̀ bá sì bọ́ sí kòtò, olúkúlùkù ń mì lọ́tọ̀. Wáyà tí a bá fà le koko láti ara ọ̀kan sí èkejì yóò já lọ́jọ́ kan, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ kí ó dẹ̀ dáadáa níbẹ̀.

Ilẹ̀ iná, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà, ni mo rò pé àwọn ènìyàn kì í kà sí tó. Mo kọ́kọ́ fẹ́ so ó mọ́ ara ibi ìkẹ́rù, ṣùgbọ́n rọ́bà lè wà láàárín òun àti ṣásí nínú àwọn ọkọ̀ kan, bódì F-150 láti ti ọdún 2015 sì jẹ́ alumíníọ́mù, tí kì í bá irin tí omi dé ṣọ̀rẹ́ pẹ́. Ṣásí ni mo lọ bá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀dà kúrò títí irin fi ń dán, mo di orí wáyà mọ́ ọn pẹ̀lú bóòtì àti ọ̀ṣà eléyín, mo wá kun ún lẹ́yìn tí mo ti dì í tán. N kò so ó padà tààrà sí orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí ń ka iná tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Bí a bá fo ẹ̀rọ náà kọjá, ọkọ̀ kò ní mọ iye tí pátákó wa ń jẹ, kò sì ní ṣáájì bátìrì bí ó ti yẹ.

Orí wáyà ni ọwọ́ mi pẹ́ lé jù. Mo bó rọ́bà rẹ̀ dé ìwọ̀n ọrùn lọ́ọ̀gì, ìyẹn irin oníhò tí a ń fi bóòtì dì, kí bàbà má yọ jáde lẹ́yìn, kí rọ́bà má sì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀mú tí ó ń fún un ní igun mẹ́fà ni mo lò, nítorí òòlù tàbí ẹ̀mú lásán yóò kàn tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ tí atẹ́gùn yóò sì wà láàárín. Mo fi gbogbo agbára fà á wò. Èyí tí ó bá yọ lọ́wọ́ mi ìbá yọ lábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ti rọ́bà tí ó ní lẹ́ẹ̀mọ́ nínú bò ó, tí mo sì ra ooru sí i títí lẹ́ẹ̀mọ́ náà fi yọ díẹ̀ létí méjèèjì. N kò fi òjé jó o, nítorí òjé máa ń fà sínú bàbà, yóò sọ ibi kan di líle ganganran, ibi tí líle bá sì ti parí ni gbígbọ̀n ọkọ̀ yóò ti ṣẹ́ ẹ.

Àpótí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí táyà ẹ̀yìn ti yọ gọngọ sínú ibi ìkẹ́rù, níbi tí ẹrù kò ti lè gbá a. Mo dá ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi tí ó bá wọlé lè rí ọ̀nà jáde, mo sì jẹ́ kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí òjò lè máa kán sílẹ̀ láti ibẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń fi iná sìgá sí ni mo fi sílẹ̀ fún ohun kékeré nìkan, nítorí ó máa ń rọ̀ tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn ní ihò Anderson oní-áńpù 50, irú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ó ń di ara rẹ̀ mú.

Mo ti tú wáyà nẹ́gẹ́tífù bátìrì ṣáájú gbogbo èyí, òun náà ni mo sì dá padà gbẹ̀yìn nínú àwọn wáyà, nítorí pé sípánà tí ó bá kan bódì nígbà tí a ń tú pọ́sítífù yóò mú iná ta. Fíùsì oní-60 ni mo wá fi sí i lẹ́yìn èyí. Mo tan ẹ̀rọ ìfátẹ́gùn, mo fi mítà wọn fóòtì lórí bátìrì, mo sì tún wọ̀n ọ́n lára pátákó; ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò tó ààbọ̀ fóòtì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ mo pa á, mo fọwọ́ kan gbogbo oríkèé wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ó gbóná, nítorí ibi tí ó bá gbóná ni a kò fún dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ ti rin ọ̀nà burúkú díẹ̀, mo tún fi sípánà dì wọ́n. Mo lẹ ìwé kan mọ́ inú ìdérí àpótí, tí mo kọ iye fíùsì ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n wáyà rẹ̀ sí, kí rẹ́wáyà tí yóò bá ṣí i lẹ́yìn mi má fi oní-30 rọ́pò oní-5.