Ẹ̀wà tí òjò pa ní Bódìjà

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Òkudù

Ṣòkòtò mi ṣì tutù níbi tí mo sá a sí lẹ́yìn ilé. Mo ti kí Ìṣáì, mo ti jẹun, oorun ò wá. Ẹ̀wà àpò mẹ́rin ló wà lọ́kàn mi.

Ìyá Ìbejì ni mo lọ bá ní ọjà Bódìjà lónìí. Ẹ̀wà olóyin ni wọ́n ń tà, onígbàgbọ́ ni wọ́n, "Ààfáà báńkì" ni wọ́n sì ń pè mí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì báńkì wa tí kì í gba èlé, owó ni wọ́n ní ká kó fún àwọn. Mo ṣàlàyé pé a kì í yá èèyàn lówó ká gba èlé lé e. Ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́, àwa la máa kọ́kọ́ rà á. Tó bá ti di tiwa, a ó tà á fún wọn ní iye tí gbogbo wa mọ̀, wọn á wá máa san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ààfáà, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe èlé yẹn náà lẹ wé láwàní fún yìí?"

Ó dùn mí, torí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń sọ ọ́. Láti 2011 tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ìlànà báńkì tí kì í gba èlé jáde, tí Jaiz Bank sì ṣílẹ̀kùn ní 2012 ní Àbújá, Kàdúná àti Kánò, la ti ń gbọ́ ọ pé orúkọ la kàn yí padà. Ká má tan ara wa, bí àwa tó ń ṣe é ò bá ṣọ́ra, òótọ́ ni wọ́n máa sọ. Bí mo bá kàn kọ "ẹ̀wà àpò 30" sínú ìwé, tí n ò fojú kan ìkankan nínú rẹ̀, tí mo wá ka owó sọ́wọ́ oníbàárà, kí ló yà mí sọ́tọ̀? Súrà Bàkárà nínú Àlùkùránì sọ pé Ọlọ́hun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Ẹni tó ń ṣòwò lè pàdánù. Ẹni tó ń gba èlé, bí ọjà jóná, bí odò gbé e lọ, owó tirẹ̀ ń bọ̀ ni.

Àpò 30 ni wọ́n fẹ́. Ẹni tó kó o wá láti Òkè Ọya ní 90,000 náírà ni àpò kan. Àwa máa tà á fún Ìyá Ìbejì ní 100,000, kí wọ́n san án láàárín oṣù mẹ́fà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó san án tán, kọ́bọ̀ kan ò ní lé e.

Tírélà pẹ́ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Bí a ṣe ń retí rẹ̀, mo sọ fún wọn pé ọ̀nà yẹn wà lára èyí tí ìjọba àpapọ̀ torí ẹ̀ gba 100 bílíọ̀nù náírà ní 2017 lọ́nà Sùkúùkù, ìyẹn ìwé ìdókòwò ní ìlànà Ìsìláàmù, àti pé owó ìyálò ọ̀nà ni ẹni tó fowó sílẹ̀ ń gbà, kì í ṣe èlé. Wọ́n ní, "Ọ̀nà tí ẹ̀wà mi ń gbà wá?" Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń rò ó.

Nígbà tí wọ́n já ẹrù, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń fàmì sára àpò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi pé 30. Mo ki ọwọ́ bọ méjì wò, ẹ̀wà náà gbẹ, ó ń dán. Aago 1:50 ni owó wọlé sọ́wọ́ ẹni tó ni í. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀wà báńkì ni. Ó ku kí ọ́fíìsì fi ìwé títà ránṣẹ́ kí Ìyá Ìbejì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. A dúró, a dúró. Aago 3:20, ojú ọjọ́ dúdú, òjò sì dà bí ẹni pé wọ́n fọ́ ìkòkò omi lójijì. Tapólì kan ṣoṣo ló wà. Èmi àti àwọn aláàárù ń wọ́ àpò lọ sínú ìsọ̀, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ wa. Kí á tó kó o tán, mẹ́rin ti rẹ gbindin.

Òjò ò tíì dá tí ìwé fi wọlé. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bá mi sọ̀rọ̀. Kọ aago méjì síbẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀wà ti di tiwọn kí òjò tó dé. Ta ló máa mọ̀? Oṣù ń parí lọ, iye tí wọ́n ní kí n mú wá ò tíì pé, Ìyá Ìbejì fúnra wọn sì ti ń káwọ́ lérí, wọ́n ti gbà pé àwọn ló ṣubú lé. Àwọn Ààfáà onímọ̀ wà tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò o; òwò tó bá wọ́ lójú wọn, èrè rẹ̀ á jáde lọ sí sàárà, kò ní wọ àpò báńkì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń rí. Wọn ò sí ní Bódìjà.

Mo rántí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Wọ́n máa ń sọ ti ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ṣe ìwọ̀fà. Àárọ̀ ló ń lọ oko olówó. Gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe, èlé ni, ojú owó ò dín. Mo tún rántí báńkì tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti rán mi lọ sílé opó kan tó ń ránṣọ. Ó ti san ju ohun tó yá lọ, gbèsè ò tán. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ la gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í mú lẹ́sẹ̀ kan, ó ń wò mí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù mi ibí kéré sí tibẹ̀, ìyàwó mi sì mọ̀ ọ́n dáadáa, kò fi í sọ̀kò sí mi rí. Tí mo bá wá kọ aago méjì sínú ìwé yẹn, kí ni mo wá tìtorí rẹ̀ kúrò níbẹ̀?

Mo ní, "Mà, mẹ́rin yìí kì í ṣe tiyín. Kò tíì dọ́wọ́ yín tí òjò fi pa á."

Wọ́n wojú mi. "Ta ni yóò wá ru ú?"

"Báńkì ni. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ máa fọwọ́ sí."

Wọ́n jókòó sórí àpótí, omi ń kán láti etí gèlè wọn. Wọn ò dárúkọ láwàní mọ́. Wọ́n gba bírò, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n wá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn alákàrà àti àwọn tó ń se mọ́ínmọ́ín lórí fóònù, pé kí wọ́n wá ra ẹ̀wà tútù kó tó hù. Ìyá Ìbejì fúnra wọn ló bá wa ná an. 45,000 ni àpò kan, kò sí ẹni tó lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti ṣírò rẹ̀. 260,000 ni èrè orí àpò 26, àdánù orí mẹ́rin jẹ́ 180,000. 80,000 ló kù. Ọ̀gá mi kò ní yọ̀.

Ìwé tí mo máa gbé fún un ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wà níwájú mi báyìí. Aago 1:50, a ra àpò 30. Aago 3:20, òjò dé, mẹ́rin tutù lọ́wọ́ wa. Aago 4:05, a ta àpò 26.