FreeBSD lórí Raspberry Pi 3: RAM ni ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ńpáìlì FreeBSD (ètò ìṣiṣẹ́ kọ́ńpútà), ìyẹn ni pé kó sọ kóòdù rẹ̀ di ètò tó ń ṣiṣẹ́, lórí kọ́ńpútà kékeré Raspberry Pi 3 sábà máa ń bẹ̀rù pé CPU rẹ̀ kò yára. Òótọ́ ni, kò yára, ṣùgbọ́n ìlọ́ra kì í ba iṣẹ́ jẹ́. 1GB RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì rẹ̀, ló ń bà á jẹ́.

Torí pé bọ́ọ̀dù náà ní kóòrù mẹ́rin, ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré tẹ `make -j4 buildworld`, àṣẹ tó ń kọ́ gbogbo ètò FreeBSD yàtọ̀ sí kẹ́nẹ̀lì (ọkàn ètò náà), pẹ̀lú iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń lọ dáadáa títí tó fi dé LLVM, kóòdù ńlá tí Clang, kọ́ńpáílà FreeBSD, dúró lé. Fáìlì C++ kan ṣoṣo níbẹ̀ lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB. Tí mẹ́rin bá wá ń jẹun lẹ́ẹ̀kan náà, RAM ti tán nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ ó bá `unable to execute command: Killed` lójú ìbòjú. Ẹ lo `-j2`.

Ẹ ya 2GB sọ́tọ̀ fún swap (àyè orí dísíìkì tí ẹ̀rọ ń lò nígbà tí RAM bá kún) lórí dísíìkì USB tó ti ní GPT, ìyẹn tábìlì pátíṣàn: `gpart add -t freebsd-swap -s 2g da0`, lẹ́yìn náà ẹ fi `swapon` tan pátíṣàn tí `gpart` bá dárúkọ. Ẹ má fi fáìlì ṣe swap: kí ètò fáìlì tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, òun náà lè fẹ́ mẹ́mọ́rì, gbogbo rẹ̀ á sì há pa. Káàdì SD ńkọ́? Ó lọ́ra, kíkọ léraléra á sì tètè gbó o.

Èyí tó máa ń rú èèyàn lójú ni pé swap lè ṣì kù rẹpẹtẹ, kí kẹ́nẹ̀lì sì máa pa iṣẹ́. Kì í dúró de ìgbà tí swap bá tán. Tó bá ti wá mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀mejìlá léraléra tí kò rí èyí tó tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa nìyẹn. Ẹ kọ `vm.pageout_oom_seq=120` sínú `/etc/sysctl.conf` kó lè ní sùúrù.

Ohun tó ń dín wákàtí kù jù ni `/etc/src.conf`, fáìlì tí a fi ń sọ ohun tí a kò fẹ́ kọ́: `WITHOUT_CLANG=yes`, `WITHOUT_LLDB=yes`, `WITHOUT_TESTS=yes`. Clang tó wà nílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe?

Pi 3 kò ní bátìrì aago. Ẹ jẹ́ kí `ntpd`, tó ń gba àkókò látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, tún aago ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan `git`, tí a fi ń gba kóòdù, torí aago tó pẹ́ sẹ́yìn á mú kí `git` má gba ìwé ẹ̀rí sáfà gbọ́, á sì da `make` lójú rú nípa fáìlì tó ti yí padà.

Lẹ́yìn `make buildworld` àti `make buildkernel` (tó ń kọ́ kẹ́nẹ̀lì): `make installkernel` (tó ń fi kẹ́nẹ̀lì tuntun sípò), ẹ tún ẹ̀rọ tàn, `etcupdate -p` (tó ń tún àwọn fáìlì inú `/etc` ṣe), `make installworld` (tó ń fi ìyókù ètò sípò), `etcupdate -B`, ẹ tún un tàn. Ẹ má fi `installworld` ṣáájú, torí àwọn ètò tuntun lè béèrè ohun tí kẹ́nẹ̀lì àtijọ́ kò mọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún `make delete-old`, tó ń pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́, o. Níwọ̀n ìgbà tí `WITHOUT_CLANG` bá ṣì wà nínú `src.conf`, ó máa ka Clang yín mọ́ ẹrù àtijọ́, ẹ ó sì wá ní bọ́ọ̀dù tí kò ní kọ́ńpáílà.