Ìgbín òkun tí mo ti ń ṣì pè

Ọdún ń rebi àgbà ń rè, ẹ jẹ́ kí n ṣírò tèmi. Ìgbà 19 ni mo mòòkùn ní etíkun Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún yìí. Ìgbà 2 ni aṣọ ìmòòkùn mi jò, tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìgbín òkun tí kò ní ìkarahun ni mò ń wá kiri. Wọ́n ní in nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ o, wọ́n máa ń bọ́ ọ sọ nù ni. Ti àwọn wọ̀nyí, ìgbín fà, ìkarahun ò tẹ̀ lé e. Mo fi fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ sí màmá mi. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

Fún ọdún 3, orúkọ kan ni mo ń kọ sí gbogbo àwọn funfun kéékèèké tí orí ìwo wọn ní àwọ̀ ìyeyè: Polycera quadrilineata. Òun ni mo kọ́kọ́ mọ̀, òun náà ni mo sì ń rí níbi gbogbo. Ní oṣù kẹrin, ìyá kan tó ti ń mòòkùn kí wọ́n tó bí mi wo fọ́tò mi, wọ́n ní, "Ṣé o ka ìka iwájú orí rẹ̀?" N kò ka àwọn ẹ̀ka tó yọ síwájú bí ìka yẹn rí. Quadrilineata sábà máa ń ní 4. Ti Polycera faeroensis, irú mìíràn tó jọ ọ́, máa ń tó 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó rọrùn lẹ́nu. Lábẹ́ omi, ewé òkun tí ìgbín gùn lé ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìgbín náà sì ń súnkì. Ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ni mo wá gbára lé: quadrilineata ní kókó ìyeyè tó tò lórí ara, nígbà mìíràn ìlà dúdú ń bẹ níbẹ̀, ti faeroensis funfun báláú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún fọ́tò 64 wò. Mọ́kànlá pààrọ̀ orúkọ. Níbi tí mo ti ń yẹ orúkọ wọn wò ni mo ti kà pé lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ fi DNA ya Polycera norvegica sọ́tọ̀ kúrò lára quadrilineata, pé àmì ara tirẹ̀ kì í wú bíi kókó. Mo rẹ́rìn-ín, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ó ku 5 tí mo ya orí wọn nìkan, láìsí tọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo rẹ̀ rí bí eérú. Mo pa ìdajì orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé mi, mo fi Polycera nìkan sílẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì tuntun ti dé.