Gbẹ́rẹ́ Àwọn Ará Ṣáínà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá alẹ́.

Ọjọ́ kejì nǹkan oṣù nìyí, páàdì mẹ́sàn-án ti lọ. Mo tẹ́ ìró dúdú sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó lé e, mo gbé fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n wádìí acupuncture, abẹ́rẹ́ tínínrín tí àwọn ará Ṣáínà fi ń gún ara. Mo pe Màámi, mo ṣàlàyé fún wọn.

"Àdùkẹ́, gbẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ sín fún ọ?"

Mo ní rárá o, wọn kì í fi oògùn kankan ra ojú ẹ̀.

"Gbẹ́rẹ́ tí ò loògùn! Kí ló wá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Ohun témi náà ń bi ara mi nìyẹn. Mo kà pé ojú ibì kan tó ń jẹ́ Sanyinjiao wà níwọ̀n ìka mẹ́rin sókè kókósẹ̀, níhà inú. Òmíràn, Yinbai, wà ní ìgun èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Wọ́n á dáná sí ewé gbígbẹ tí wọ́n ká bíi sìgá, wọ́n á gbé e sún mọ́ ọn títí ibẹ̀ á fi móoru. Mo fi èékánná tẹ tèmi. Ó dùn mí wọra. Ẹ̀jẹ̀ ò gbọ́.

Fibroid, kókó inú ilé ọmọ, lèmi ní. Lọ́dún 2010, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, wá ìwádìí tó péye lórí abẹ́rẹ́ yìí àti fibroid. Wọn ò rí ẹyọ kan tó kúnjú òṣùwọ̀n.

Mo tún rí i pé ohun tí wọ́n ń kà sí àpọ̀jù láyé ọjọ́sí ni kí ẹ̀jẹ̀ oṣù kan ju mílílítà 80 lọ. Mo bá fi ṣíbí ńlá bu sóbò tó ìwọ̀n yẹn sínú ife: márùn-ún àti díẹ̀. Pẹ̀ẹ́ ló rí nísàlẹ̀ ife. Ẹ̀rín pa mí. Kó tó di ọ̀sán lónìí, mo ti kọjá ibẹ̀.

Tranexamic acid, oògùn tí wọ́n ń lò lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya nìkan, lè dín in kù tó ìdajì. Kí ló dé tí dókítà tí mo rí lọ́dún tó kọjá ò dárúkọ ẹ̀? Ilé ọmọ ló ní ká yọ, kó tó wo ojú mi.

Lọ́la, màá wá dókítà mìíràn, màá yẹ PCV wò, kí n mọ bí ẹ̀jẹ̀ ara mi ṣe tó. Mo gbé sóbò náà mu, mo lọ pààrọ̀ páàdì kẹwàá.